Ọrùn Ta Nìyí?

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹta

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo lérò pé ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ti fúyẹ́ díẹ̀, àti pé ọ̀rẹ́ yín onígbàjámọ̀ ṣì ń fi ìdajì irun oníbàárà sílẹ̀ kó lè wá parí àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ bá mi kí i. Ṣé Màámi ṣì wà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n ń bá a tọ́jú ọmọ tuntun? Ẹ bá mi kí àwọn náà, ṣùgbọ́n ẹ má kí wọn jù.

Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí ṣì ń bá wa ṣeré tí a kò ní kó bá wa ṣe. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ má bínú. Fóònù mi jábọ́ sínú omi, kò sì tíì pinnu bóyá òun máa yè. Mo ní kí n kúkú máa kọ lẹ́tà. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ lẹ́tà kọ mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kí àwọ̀ wọn ṣókùnkùn, kí ọrùn wọn ga, irú èyí tí kọ́là rẹ̀ máa dìde dúró, tí bọ́tìnnì á sì pa á dé lábẹ́ àgbọ̀n. Ìwọ̀n mi àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, kò yí padà: èjìká, àyà, apá, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ọrùn nìkan ni kí ẹ fi ṣe ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀. Ọ́fíìsì ló fẹ́ kí á máa múra bẹ́ẹ̀.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, tí kò gbàgbé ilé.


Oṣù Kejì, ogúnjọ́

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo gbé e kalẹ̀, mo jẹun, mo tún un kà. Ara wa le. Ẹsẹ̀ mi kò fúyẹ́, ó kàn ti gbà pé ibi tí òun ń gbé nìyẹn. Onígbàjámọ̀ ní kí n kí ọ. Ó ní òun kò fi ìdajì irun ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí, àfi ti ọkùnrin kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀.

Fóònù jábọ́ sínú omi. Ó dára. Omi wo?

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ ọrùn. Ọmọ mi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé téèpù kọ́ ọrùn ara mi, tí mo sì ń fi í wọn ọrùn ọlọ́rùn. Nígbà tí o ń lọ, ọrùn rẹ jẹ́ ínṣì mẹ́tàlá. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n. Ènìyàn lè sanra, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sanra, ikùn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ìdí á gbọ́, apá á gbọ́, ọrùn ló máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Mi ò tíì rí ọrùn tó dá sanra lẹ́yìn èjìká. Ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀, ọrùn ọkùnrin ni. Ọkùnrin tó ń jẹun dáadáa pàápàá.

Mi ò bínú. Mo kàn ń béèrè. Mo ti ra aṣọ, mi ò tíì gé e. Kí n tó gé e, dá mi lóhùn lórí nǹkan kékeré kan: ọwọ́ ọ̀tún ni kí n to bọ́tìnnì sí, àbí ọwọ́ òsì?

Bàbá rẹ, ẹni tó wọ̀n ọ́.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfura. Omi tí fóònù jábọ́ sí, omi ìfọṣọ ni. Ọṣẹ wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyẹn náà.

Ọwọ́ tí ẹ bá to bọ́tìnnì sí, mo fara mọ́ ọn. Bọ́tìnnì ni bọ́tìnnì ń jẹ́. Ní ti ọrùn, ẹ jẹ́ ká sọ pé mo fẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin àti onígbàjámọ̀ jókòó níbẹ̀ yẹn, ẹ sì mọ ọrùn mi ju èmi tí mo gbé e kọ́rùn lọ.

Mo ní ìròyìn ayọ̀. Ẹ rántí pé yàrá tí a ti ń gbé fóònù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo ń dá àwọn tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bàjẹ́ lóhùn, tí wọ́n á bú mi tán, tí èmi á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti gbé mi kúrò níbẹ̀. Yàrá fáìlì ni mo wà báyìí, nísàlẹ̀ ilé pátápátá, níbi tí páìpù gba orí àjà kọjá tí iná mànàmáná ń kùn bí eṣinṣin. Ọ̀gá mi ní ìgbéga ni. Ìgbéga àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi. Kò sí nǹkan kan tí mo ní kí ẹ má sọ o, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn yín.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejìlélógún

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ. Ìkíni wà nísàlẹ̀, tí a bá yanjú ọ̀rọ̀ yìí á débẹ̀.

Ọmọ télọ̀, tó jẹ́ pé abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló ti kọ́ ìrìn, ní bọ́tìnnì ni bọ́tìnnì ń jẹ́! Ọ̀tún ni ti ọkùnrin, òsì ni ti obìnrin. O mọ̀ ọ́n kí o tó mọ A, B, D. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, nǹkan mìíràn ló gba ọkàn rẹ̀. O tún ní òtútù ń pa yín, o sì fẹ́ kí atẹ́gùn wọ ọrùn rẹ. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo pe nọ́ńbà rẹ tó wà nínú omi ọṣẹ. Ó dún. Ọkùnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ há, ó dà bí ẹni tó ti ń mu sìgá láti kékeré. Ó ní, "Bàbá?" Mo ní, "Bàbá ta ni?" Ó wúkọ́, ó pa fóònù.

Mo sọ fún onígbàjámọ̀. Ó ní, "Ṣé Yorùbá ló sọ?" Mo ní Yorùbá ni. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́." Mo ní, "Dúpẹ́ kí ni? Ọkùnrin tó ń pè mí ní bàbá kó tó mọ ẹnu ọ̀nà mi?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọrùn ti dé, ohùn ti dé. Ìyókù ara rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà."

Ta ni? Ọmọ ta ni? Kí ló ṣe é tí kò fi lè rí télọ̀ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ bàbá ìyàwó ló ti fẹ́ gba ṣẹ́ẹ̀tì kó tó tọrọ ìyàwó? Mi ò ní kí o má lọ́kọ. Mo ní kí ọkọ má sá pamọ́ sínú kọ́là. Bí mi ò bá gbọ́ ìdáhùn tó nítumọ̀, màá sọ fún ìyá rẹ, o sì mọ̀ pé ìyá rẹ kì í kọ lẹ́tà. Ó máa ń wá ni.

Ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú, nítorí náà ìkíni kò débí.

Bàbá rẹ.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ jókòó. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Kò sí ọkùnrin kankan. Ọkùnrin tó gbé fóònù yẹn, èmi ni. Ọrùn tó ń jẹun dáadáa, èmi náà ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti rí kókó kan níwájú ọ̀fun mi, lápá òsì. Mo pè é ní ọ̀fun dídùn. Nígbà tí ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í há, mo pè é ní òtútù. Oníbàárà kan ní kí n gbé fóònù fún obìnrin tó gbé e tẹ́lẹ̀, pé òun kò fẹ́ bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún mi ní ìgbéga tí mo sọ fún yín.

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Dókítà ní ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo ènìyàn, ó na apá sọ́tùn-ún sósì bíi labalábá, òun ló ń pàṣẹ fún ara pé kó yára tàbí kó rọra. Apá òsì labalábá tèmi ni kókó wà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ wò. Kì í ṣe gẹ̀gẹ̀ lásán. Jẹjẹrẹ ni.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, mo tún un kà. Ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ohun tí mò ń fura sí jù ni ẹ̀rín dókítà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó wà, èyí ló dára jù láti ní." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ilé han ayálégbé. Mo fẹ́ béèrè pé ṣé ó ní òmíràn tí wọ́n lè fi hàn mí.

Wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ni, oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ohùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, kókó náà sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi di ọkùnrin. Bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá yẹ̀ níbẹ̀, ohùn lè lọ tán. Bí a kò bá yọ ọ́, ó máa tàn kálẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ẹnu ni mo mọ̀, Bàbá. Mi ò kọ́ òmíràn.

Ẹ má tíì sọ fún Màámi.

Àbíkẹ́yìn yín, ọkùnrin inú fóònù.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi, ẹyin ojú mi,

Mo kí ọ ní àárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo kí ọ ní ìrọ̀lẹ́, títí kan èyí tí mo jẹ ọ́ nínú lẹ́tà tó kọjá. Mo ní ọkùnrin yẹn ń mu sìgá. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kò dùn lẹ́nu.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọjọ́ kan. Onígbàjámọ̀ kanlẹ̀kùn títí, ó ní, "Ṣé ọkùnrin náà ti dé ni?" Mo ní, "Ó ti dé. Ọmọ mi ni." Ó padà lọ parí irun oníbàárà rẹ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyá rẹ kò tíì gbọ́. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ.

Jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìfura loògùn àgbà. Mi ò gba ẹlẹ́rìn-ín yẹn gbọ́. Jẹjẹrẹ tó dára! Olè tó dára dà? Iná tó ń jólé tó dára dà? Àwọn oníṣègùn òyìnbó á sì ti yára fa abẹ yọ. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún ọ. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ló máa dìde, ọ̀gá ló máa wọ̀n ọ́n, ọ̀gá ló máa rẹ́rìn-ín. Tí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà, ta ló ń gé aṣọ? Ọmọṣẹ́ ni. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ibo ni ọmọṣẹ́ ti fẹ́ mọ iṣẹ́ bí kò bá gé aṣọ ẹlòmíràn? Bí ó bá ṣì í gé, a máa lẹ ẹ́, a máa sọ fún oníbàárà pé àrà tó ń lọ lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ nìyẹn.

Lọ bá a. Bi í léèrè: lọ́jọ́ náà, ta ló máa di abẹ mú? Bí kò bá lè wò ọ́ lójú dáhùn, dìde. Aṣọ tí a bá ti gé, a kì í gé e padà.

Mo ti gé ṣẹ́ẹ̀tì náà o. Èmi fúnra mi ni mo gé e. Òsì ni bọ́tìnnì wà.

Bàbá rẹ.


Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ kú làákàyè.

Mo lọ béèrè. Mo dúró dìgbà tó rẹ́rìn-ín tán, mo ní, "Dókítà, lọ́jọ́ náà, ta ló máa di abẹ mú?" Ẹ̀rín yẹn kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ kúrò lójú, ẹnu wá tẹ̀ lé e. Ó ní, "A jọ máa ń ṣe é ni." Mo ní, "Ẹ̀yin àti ta ni?" Ó ní dókítà kan ń kọ́ iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ òun, pé á wà níbẹ̀, á máa ran òun lọ́wọ́. Mo ní, "Ṣé á gé?" Ó ní, "Àwọn ibì kan."

Bàbá, wòlíì ni yín. Ọmọṣẹ́ ló fẹ́ gé ọmọ yín.

Mo dìde. Mo kí i kí n tó jáde, torí ilé ire ni mo ti wá, mo sì sọ fún un pé mi ò ṣe mọ́. Wọ́n ti gbé ọjọ́ mi fún ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì kan ń pè mí, mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbé e mọ́. Mo fura sí i, ohùn rẹ̀ ti dùn jù.

Ara mi fúyẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Yàrá fáìlì kò burú. Fáìlì kì í bínú, kì í sì í ní kí n gbé fóònù fún obìnrin. Oúnjẹ ń lọ dáadáa tí mo bá ti fi omi lé e. Alẹ́ nìkan ni mo fi ń jókòó sùn, torí bí mo bá dùbúlẹ̀, èémí mi máa ń súfèé. Aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri mi wá kanlẹ̀kùn láàárọ̀, ó ní ta ló ń súfèé fún òun láti àná. Òun náà gbà pé ọkùnrin kan wà níbí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn. Ẹ ti gbà mí sílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn yín.


Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọmọ mi,

Mo pè ọ́ kí n tó jókòó kọ èyí. Fóònù dún títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Gbé e. Bí o bá fi ohùn ọkùnrin dáhùn, gbé e. Bí o bá fi ohùn àkùkọ dáhùn, gbé e.

Kí ni mo kọ sí ọ? Mo ní kí o béèrè. Ṣé mo ní kí o sá? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún onígbàjámọ̀ kó dá a. Ó ní, "Kí gan-an lẹ kọ?" Mo ní, "Mo kọ ọ́ pé kó dìde." Ó ní, "Ó dìde." Mo ní dídìde kì í ṣe sísá. Ó ní, "Ẹni tó ti dìde níwájú dókítà, kí ló tún kù kó ṣe? Kó jó?" Mo lé e jáde. Ó ti padà, torí àga tó máa ń jókòó lé wà lọ́dọ̀ mi.

Èémí tó ń súfèé. Oúnjẹ tí a ń fi omi lé. O kọ wọ́n bí ẹni ń sọ ìtàn aládùúgbò. Mo mọ̀ ọ́, ọmọ mi. Bí nǹkan bá ṣe ń dùn ọ́ sí ni àwàdà rẹ ṣe máa ń pọ̀ sí. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé, mi ò lè dùbúlẹ̀ kí n má tẹ́tí sí èémí ara mi.

Gbọ́. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo gé láyé mi, aṣọ ìyàwó ni, ti oníbàárà. Mo wọ̀n ọ́n títí, mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi kò gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ibi tó lọ tààrà, ó jẹ́ kí n gé e. Nígbà tó kan ọrùn, ó ní kí n sún, òun ló gé ibẹ̀. Ìyàwó wọ aṣọ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọwọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fi rán ọ kò pé. Ìdajì ìbéèrè ni mo fi rán ọmọ mi lọ síwájú dókítà. Èyí tó kù rèé: tí ọmọṣẹ́ bá ń gé, níbo ni ojú ọ̀gá wà? Tí wọ́n bá wá dé ibi iṣan ohùn, ọwọ́ ta ni?

Padà lọ. Béèrè. Bí ó bá ti dáhùn, fọwọ́ sí i.

Bàbá rẹ.


Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kejì

Àbíkẹ́yìn,

Lẹ́tà kò dé. O kò gbé fóònù. Mo ti ń fura sí ohun gbogbo. Mo ní kí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ṣí àpò rẹ̀ kí n wò ó. Ó ní òfin kò gbà á. Mo ní ta ló ṣe òfin. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ láti ọjọ́ yẹn, ìyẹn náà sì mú ìfura dání.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ. O lè bínú, ṣùgbọ́n ẹrù yìí ti wúwo ju orí kan lọ.

Ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ka gbogbo lẹ́tà rẹ láti orí dé ìdí, kò jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sọ ohun tí èmi kọ padà. Mo sọ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní aṣọ tí a bá gé a kì í gé e padà, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé aṣọ lọmọ mi?"

Onígbàjámọ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fèsì sí, gbé àga rẹ̀, ó bá ti ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́, kí n má fi ọgbọ́n télọ̀ kún un: "Má gbọ́ ti bàbá rẹ. Má gbọ́ ti ẹ̀rù. Lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n yọ nǹkan náà. Bí ohùn bá lọ, èmi á máa sọ tìrẹ mọ́ tèmi. Ẹnu mi gbà á."

Mo ní, "Ìyẹn ni pé kí n kọ 'ẹnu mi gbà á' náà?" Ó ní, "Òun gan-an ni kí o kọ."

Bàbá rẹ.


Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ foríjì mí. Mi ò gbé fóònù torí tí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún á dé, ẹkún sì ti ń há mi lọ́fun báyìí, kò ríbi gbà.

Lẹ́tà tí ẹ fi ìdajì ìbéèrè tó kù ránṣẹ́ ti dé. Mo kà á nínú yàrá fáìlì, mo jókòó sórí àpótí. Ọjọ́ kejì, mo padà lọ bá dókítà. Mo béèrè: tí ọmọṣẹ́ yín bá ń gé, níbo ni ojú yín wà? Nígbà tí ẹ bá dé ibi iṣan ohùn, ọwọ́ ta ni?

Ó fa àga, ó jókòó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìdúró ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òun ló máa ṣí awọ ara, òun ló máa rán an padà, ojú mi á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi iṣan, ọwọ́ tèmi nìkan ni." Ó ní, "Mi ò lè ṣèlérí ohùn fún ọ." Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi láìrẹ́rìn-ín nìyẹn, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbà gbọ́.

Ó pe ọmọṣẹ́ náà wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin ni, kò jù mí lọ púpọ̀. Ó wo ọrùn mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé èmi ni mò ń bà ọ́ lẹ́rù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ náà ń bà mí lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó bi ọ̀gá mi ní irú ìbéèrè yẹn rí." Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ.

Mo ti fọwọ́ sí i. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni. Kì í ṣe pé mo ti fọkàn tán wọn o. Ènìyàn a máa fura sí awakọ̀, á sì wọ ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Màámi báyìí. Ẹ rọra sọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn yín.


Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀yin òbí mi méjèèjì,

Lẹ́tà Màámi, èyí tí ọwọ́ Bàbá kọ, bá mi nílé nígbà tí mò ń di ẹrù ọsibítù. Mo rí i pé wọn kò tíì nílò kí ẹnikẹ́ni rọra sọ nǹkan fún wọn. Mo gbé e sínú báàgì mi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

Wọ́n ti yọ ọ́. Gbogbo labalábá náà ni wọ́n kó, apá méjèèjì. Láti ìsinsìnyí lọ, oògùn kékeré kan ni màá máa gbé mì láràárọ̀ kó lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, títí ayé. Wọ́n ṣì máa yẹ̀ mí wò bóyá ó ṣẹ́ kù níbì kan, wọ́n ní ìtọ́jú mìíràn lè tẹ̀ lé e. Ojú ọgbẹ́ gùn tó ìka, ó sì tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ọmọṣẹ́ ló rán an. Dókítà wá sọ pé iṣẹ́ lọ dáadáa. Ó tún ti ń rẹ́rìn-ín. Mo fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohùn. Nígbà tí mo jí, mo rántí ohun gbogbo, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Mo ronú pé bí mi ò bá gbìyànjú rẹ̀, kò tíì lọ. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ń dùn mí, mo mi orí. Wọ́n bi mí pé ṣé òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mi orí. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀, èémí kò súfèé, mo kàn ń wo àjà.

Nọ́ọ̀sì kan wá, èyí tí mo ní ohùn rẹ̀ ti dùn jù. Ó gbé ọwọ́ mi, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìwé tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó ní, "Kí lorúkọ rẹ?" Mo fura. Ó ti kà á, kí ló tún ń béèrè sí? Ṣùgbọ́n ó dúró, kò lọ. Mo bá la ẹnu, mo sọ ọ́. Ó jáde bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọdún mẹ́ta.

Ó fajú ro. Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ, gbogbo rẹ̀ pátá, bí Bàbá ṣe máa ń pè é nígbà tí mo bá fọ́ nǹkan.

Ó tún fajú ro. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ṣé kò jáde ni?"

Ó ní, "Ó jáde kẹ̀. Láti àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù tó kọjá tí mo ti ń pè ọ́ lórí fóònù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é? Ó ń tì mí lójú. Mo ní kí n kọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín."

Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, a sì jọ ń pè é, èmi á pè é, òun á pè é, títí wọ́n fi gbé oúnjẹ dé. Kò tíì mọ̀ ọ́n pè. Àmì ohùn ló ń dà á láàmú, ó ń gbé òkè sí ìsàlẹ̀. Mo ní kó padà wá lọ́la, kí n tún bá a pè é.